Ìkarahun Ọrùn Dzigbodi

Kó. Kó. Kó.

Ìró yẹn ló máa ń kọ́kọ́ dé etí mi bí mo bá ti rántí Tódzi: ìkarahun ìgbín tó ń kan síléètì. Okùn la fi so ó. Ọmọ tó bá fi ẹnu sọ èdè Éwé nínú ọgbà ilé-ìwé la máa ń gbé e kọ́ lọ́rùn, bó bá sì tẹrí ba láti kọ̀wé, ìkarahun náà á máa kan síléètì rẹ̀. Ọmọ náà á wá máa ṣọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, bóyá ẹlòmíràn á ṣi ẹnu sọ̀rọ̀ kí ó lè bọ́ ọ sí i lọ́rùn. Ọrùn ẹni tó bá wà nígbà tí a bá lu agogo àtilọ sílé, ẹgba mẹ́fà ni tirẹ̀. Èmi ni mo ń nà án.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Èjìgbò ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Kpalimé, ní ilẹ̀ Tógò, ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ìyá mi ti ń ta aṣọ. Éwé ni mo fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi jà lọ́mọdé, òun náà ni mo fi ń lálàá. Iṣẹ́ olùkọ́, ẹnikẹ́ni kò fi ọjọ́ kan kọ́ mi. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo fi ọdún méjì lé e, wọ́n ní olùkọ́ kò tó, wọ́n gbé páálí ṣọ́ọ̀kì kan àti ìwé ìpe-orúkọ kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n gun òkè lọ sí Tódzi. Pàṣán nìkan ni wọn kò fún mi. Ìyẹn ti ń dúró dè mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíláàsì.

Ọmọ méjìléláàádọ́rin ló wà níwájú mi, ìwé kíkà sì jẹ́ mọ́kànlá. Faransé ni ìwé náà, Faransé ni mo gbọ́dọ̀ fi kọ́ wọn láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Mo máa ń ka ìlà kan, wọn á gbè é bí ẹni gbe orin, èmi á sì rò pé a ti kàwé. Mo bẹ̀rù wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ènìyàn nìyí: bí ọmọ méjìléláàádọ́rin bá ranjú mọ́ ọ, tí ìwọ fúnra rẹ kò sì mọ ohun tó kàn láti ṣe, ojú wọn burú ju ojú ẹkùn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń na wọ́n. Ọmọ tó bá ń sunkún kò ní béèrè ohun tí n kò mọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Agbenyega, ènìyàn gbígbẹ tó máa ń fi kóòtù kan ṣoṣo ṣe òjò ṣe ọyẹ́, òun náà ń bẹ̀rù. Àwọn ọ̀gá tó wà ní Lomé, olú-ìlú, ló ń bẹ̀rù. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, á jókòó tì mí, á tún sọ ìtàn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi: bí alábẹ̀wò ṣe ní kí ọmọ mẹ́ta kàwé, tí ẹnu gbogbo wọn wọhò, tí ọkùnrin náà sì ru àpótí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ó ní, “Ọmọ Ànàgó, òkè yìí rọrùn láti sọ̀ ju láti gùn lọ.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Àwọn àbúrò mi mẹ́rin ń jẹun lórí iṣẹ́ yẹn.

Nínú ọyẹ́ ni ìwé dé pé alábẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá pè mí, ó bi mí pé mélòó nínú wọn ló lè ka ojú ìwé kẹrìnlélógún. Mo ní ogún ni, àwọn tó kù há a sórí, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́sàn-án kan wà tí wọn kò tilẹ̀ lè há a. Ó ní ṣé ti mẹ́sàn-án ló le ni, kí wọ́n má wulẹ̀ sí níbẹ̀ ni. Ó ní ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó ní lọ́dún tó kọjá, wọ́n kó àwọn méjì pamọ́ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́, àwọn òmùgọ̀ náà sì jáde wá kí alábẹ̀wò ní Éwé, wọ́n bi í bóyá òun ni ọkùnrin tó ń ra ewúrẹ́.

Ó ní, “Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, tì wọ́n mọ́lé.”

Ibi tí a rí ni ilé kọfí, ahéré kan tó wà létí oko ilé-ìwé, tí wọ́n ń kó àpò kọfí sí. Koríko ni òrùlé rẹ̀, páànù sì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà mo kó àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ síbẹ̀, mo fún wọn ní ẹ̀pà, mo ní kí wọ́n dákẹ́ títí n óò fi dé. Kafui ló ga jù nínú wọn, ọmọ ọdún méjìlá tó ti tún kíláàsì kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ máa padà wá, àbí?”

Mo ní n óò padà wá. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ àgádágodo sí àpò ṣòkòtò mi. Bí mo ti ń bọ̀, mo gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Dzigbodi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń ké pè é láti ọgbà, pé kí ló dé tí wọ́n tì í mọ́lé. Éwé ló fi ké e. Ọ̀gá Agbenyega gbé ìkarahun kọ́ ọ lọ́rùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, alábẹ̀wò á rí i pé a kì í fi Faransé ṣeré níbí.

Alábẹ̀wò dé nínú aṣọ funfun, ó ní awò dúdú lójú. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ṣí ìwé kan lórí orúnkún rẹ̀, ó ń kọ nǹkan sí i kí n tó ya ẹnu. Àwọn ọmọ ń ka ojú ìwé kẹrìnlélógún, ohùn wọn ń lọ sókè sódò, òógùn sì ń ṣàn sílẹ̀ lẹ́yìn mi nínú ọyẹ́. Láàárín ohùn wọn mo ń gbọ́ ìkarahun náà. Kó. Kó. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Dzigbodi ń jókòó.

Ìkarahun náà dákẹ́. Mo wo ibẹ̀, mo rí i pé ọmọ náà ti dìde dúró.

Mo fi Faransé bi í pé kí ló dé. Ó ya ẹnu, ó pa á dé. Ó wo fèrèsé, ó wo mí, ó fi ọwọ́ kan ìkarahun ọrùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì ń ké ojú ìwé kẹrìnlélógún. Ó wá fi Éwé sọ ọ́, kò pariwo rárá:

“Iná ni, Tíṣà. Iná wà lẹ́yìn ilé kọfí.”

Alábẹ̀wò gbé orí sókè.

Mo ní, “Fi Faransé sọ ọ́.”

Ìwé wa ní ológbò, ó ní fìlà, ó ní ọkọ̀ ojú omi tí ẹnikẹ́ni ní Tódzi kò rí rí. Kò ní iná. Oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ náà, n kò sì fún un ní ọ̀rọ̀ tó lè fi gba ẹnikẹ́ni là. Ó wo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jókòó.

Mo yíjú sí pátákó. Mo kọ gbólóhùn ọ̀rọ̀ mẹ́fà kan, mo ní kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni, nítorí n kò tíì dẹ́kun kíkà á láti ọjọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ ń gún mi nítan. Mo ń sọ fún ara mi pé àwọn àgbẹ̀ a máa sun oko nígbà ọyẹ́, pé iná náà jìnnà, pé bírò ọkùnrin yẹn kò ní pẹ́ dúró.

Lẹ́ẹ̀kẹta náà ni Dzigbodi tún dìde. Ó bọ́ ìkarahun kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó rọra gbé e lé orí síléètì, ó gba ẹ̀gbẹ́ alábẹ̀wò kọjá. Ẹnu ọ̀nà ló dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn ọmọ dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn la ti gbọ́ wọn lókèèrè, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àti páànù tí ọwọ́ ń lù.

Mo sáré. N kò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Koríko òrùlé ti ń jó láti ẹ̀yìn, èéfín ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, Dzigbodi sì ń fi òkúta lu àgádágodo. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà mú un nílẹ̀, ó ṣí i.

Gbogbo wọn ló jáde láàyè. Kafui ló jáde gbẹ̀yìn, nítorí òun ló fọwọ́ di ilẹ̀kùn gbígbóná mú kí àwọn tó kù lè kọjá. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́ kù sára páànù.

Alábẹ̀wò béèrè ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀gá Agbenyega ní àwọn tí a fìyà jẹ ni. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ Kafui, ó wo ọ̀gá, ó wo mí, ó kọ nǹkan kan, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí eruku rẹ̀ rọlẹ̀ tán, ọ̀gá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ọmọbìnrin yẹn fi Éwé sọ̀rọ̀ lójú alábẹ̀wò, ó bọ́ ìkarahun fúnra rẹ̀, ó sì jáde láìgba àṣẹ. Ó ní bí a bá fojú fò ó, lọ́la kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rù wa mọ́.

Ó ní, “Ìwọ ni olùkọ́ rẹ̀.”

Mo gbé ìkarahun padà sí i lọ́rùn. Nígbà tí agogo lù, mo nà án ní ẹgba mẹ́fà. Kò sunkún. Ojú tó fi wò mí kò ní ìbínú nínú, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n sọ nǹkan.

Fún àwọn ará Tódzi, ohun tí mo sọ ni pé n kò gbọ́ ọ. Ariwo àwọn ọmọ pọ̀, mo ní ohun tó ń sọ kò dé etí mi. Wọ́n gbà mí gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá tó bí Dzigbodi àti Kafui gbé àkúmẹ̀, òkèlè àgbàdo wọn, àti ẹja wá fún mi, ó ní òun wá dúpẹ́ pé mo ṣílẹ̀kùn fún ọmọ òun. Mo jẹ ẹ́.

Wọn kò lé mi. Ìwé alábẹ̀wò ní kíláàsì mi wà létòlétò.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó pe àwa tí a kò kọ́ṣẹ́ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà ìsinmi. Ìyá àgbàlagbà kan láti ìhà òkè ọ̀hún ló kọ́ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Kabiyè, èdè ìlú rẹ̀, kọ́ wa, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú wa. Ẹni tó bá fi èdè mìíràn fèsì, á gbé igi kékeré kan kọ́ ọ lọ́rùn. A kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó jù mí lọ dáadáa, baba ọmọ mẹ́ta, tí igi náà wà lọ́rùn rẹ̀, ń nàwọ́, ó ń tọ́ka sí ìta. Ìyá náà ń fi Kabiyè dá a lóhùn. Nígbà tó yá, omi ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó ọkùnrin náà. A kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyá náà yọ igi kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó fi ìborùn ara rẹ̀ nu ilẹ̀, ó wá sọ fún wa ní èdè tó yé wa pé, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Wọn ì bá ti fún mi kí n tó gun òkè. Nígbà tí mo padà sí Tódzi, mo ju ìkarahun sínú ṣáláńgá, mo sì fi Éwé kọ́ àwọn ọmọ tuntun ní ohun tí iná ń jẹ́ ní Faransé, kí a tó ṣí ìwé rárá. Ṣùgbọ́n Dzigbodi ti kúrò ní kíláàsì mi nígbà yẹn, Kafui kò sì wá sílé-ìwé mọ́.

Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí mo ti padà sí Èjìgbò. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ohùn obìnrin kan dé lórí fóònù mi. Dzigbodi ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ dídá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ó ní wọ́n tún fẹ́ kó igba ọ̀dọ́ lọ sí abúlé láìkọ́ wọn ní ohunkóhun, àwọn àgbà olùkọ́ sì ń kọ̀wé sí àwọn tó wà nípò. Ó ní Kafui ń kí mi, pé ó ti ní ọmọ-ọmọ.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá wa kọ ti ilé kọfí. Ẹ sọ fún wọn pé ariwo ọmọ méjìléláàádọ́rin ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ mi. Ìyẹn á wọ̀ wọ́n lára.”

Ó tó oṣù mẹ́rin tí mo fi ń mú fóònù tí mo ń gbé e kalẹ̀. Arúgbó ni mí, ẹ̀rù tó bà mí níwájú pátákó ọjọ́ náà tún wá jókòó tì mí. Lánàá ni mo tó kọ ọ́ ní Éwé, tí mo sì fi í ránṣẹ́:

“Dzigbodi, kì í ṣe ariwo. Mo gbọ́ ọ. O sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì yé mi kedere. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn ló bà mí lẹ́rù ju iná lọ, nítorí pípa yín lẹ́nu mọ́ nìkan ni iṣẹ́ tí mo mọ̀. Mo mọ̀ pé iná ni nígbà tí mo ní kí o fi Faransé sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo nà ọ́. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, fi orúkọ mi sí i. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀gá tó kà á, kà á fún Kafui ná.”