Abọ́ Kan Ṣẹ́kù Nídìí Ìkòkò

Ẹ̀rù kànga náà ti ń ba Àmínát kí ọ̀wẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí Kabir, ọkọ rẹ̀, ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ì bá wí? Òjò ayé ìsinsìnyí ò mọ ìgbà mọ́. Á sá lọ títí àgbàdo á fi jóná lóko. Lọ́jọ́ tó bá sì dé, á bínú dé, á ṣí òrùlé onílé, á ṣàn lọ. Àdúgbò wọn l'Ọ̀fà wá pinnu pé kò ní ṣàn lọ mọ́. Wọ́n fi páànù gba ọ̀sọ̀rọ̀ ilé mẹ́ta, wọ́n darí rẹ̀ sínú páìpù kan, wọ́n sì kọ ẹnu páìpù náà sínú kànga. Ó wá ku kí wọ́n gbẹ́ kànga ọ̀hún jìn sí i.

"Ìyàwó, fọkàn balẹ̀," ni Bàbá Ògúntọ́lá, àgbà ọdẹ tó ṣe olórí ọ̀wẹ̀, wí fún un. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Àmínát ló gún iyán ọ̀wẹ̀, òun náà ló pe àwọn ọkùnrin wá jẹun. Ta ni í jẹ́ kí iyán tutù? Gbogbo wọn rọ́ lọ sábẹ́ àtíbàbà onípáànù. Kabir ké láti ìsàlẹ̀ pé òun ń bọ̀, kí òun kó erùpẹ̀ díẹ̀ yìí tán. Ẹni tó di okùn mú so ó mọ́ igi, ó rò pé ẹlòmíràn yóò dúró. Ẹlòmíràn ti ń fọwọ́.

Òjò dé láìṣú. Ariwo rẹ̀ lórí páànù pọ̀ débi pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni ń la ẹnu lásán. Inú wọn dùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìka sí páìpù tó ti ń da omi gùù. Àmínát náà ń rẹ́rìn-ín bó ti ń bu ọbẹ̀, títí ó fi rí i pé abọ́ kan ṣẹ́kù. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó figbe ta:

"Kabir ń bẹ nínú kànga!"

Wọ́n sáré. Bàbá Ògúntọ́lá fa okùn, okùn fúyẹ́, kò sí ọwọ́ lórí rẹ̀.

"Kò dì í mú!" Ohùn àgbà ọdẹ náà ń gbọ̀n, èyí sì ba Àmínát lẹ́rù ju omi lọ.

Ẹnu páìpù ò ṣeé yí, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ọ́n nítorí olè. Ibi kan ṣoṣo tó ṣeé fọ́ lára rẹ̀ ni ibi tó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá tí Àmínát kó àgbàdo tí wọn yóò gbìn sí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé dígà, ó ń sọ ọ́ lu páìpù, ó ń pe Ọlọ́run, títí páìpù fi fọ́ tí omi sì ya wọ yàrá.

Omi ò da lu Kabir lórí mọ́. Ó ráyè mú okùn.

"Ẹ fà á!" ni Bàbá Ògúntọ́lá ké.

Nígbà tó jáde, ẹrẹ̀ bò ó dé ìpéǹpéjú. Àmínát dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Kabir ò wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Mo pè yín títí," ló wí. "Kí òjò tó le, mò ń gbọ́ ẹ̀rín yín."

Bàbá Ògúntọ́lá ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú Kabir, ẹni tí àbíkẹ́yìn bàbá náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún.

"Àwa la jẹ̀bi," ló wí. "Láti òní lọ, kò sẹ́ni tí yóò jẹun bí ẹnìkan bá wà nísàlẹ̀."

Àmínát fẹ́ ní kí bàbá dìde, nítorí ojú ń tì í láti rí àgbà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè tú ọwọ́ rẹ̀ lára ọkọ rẹ̀.