Ta Ló Kọ́kọ́ Ṣe Búta Náà?

Iṣẹ́ tí Hàwáwù Àbúdù ń ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì Lọ́yà Adéyẹmí ní òpópónà Bródì kò ṣeé ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá gbà pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọmọ òun ń ṣe, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má yìnbọn lù ú.

Bẹ́ẹ̀, ìwé kíkà lásán ni. Bí ẹnì kan bá dá ohun tuntun kan sílẹ̀, tó ń fẹ́ ìwé ìjọba tí wọ́n ń pè ní pátẹ́ǹtì, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀ tà, Hàwáwù ni yóò kọ́kọ́ wádìí bóyá lóòótọ́ ni nǹkan náà tuntun. Ọmọ aráyé ò sì ṣeé fọkàn tán. Nínú ẹni mẹ́wàá tó bá ní òun dá nǹkan sílẹ̀, mẹ́sàn-án ló rí i níbì kan.

Dúróà mọ́kànlélógún ló wà lẹ́yìn àga rẹ̀, káàdì kún inú wọn fọ́fọ́. Pátẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan máa ń dárúkọ àwọn tó ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Hàwáwù á tẹ̀lé nọ́ńbà yìí dé ọ̀dọ̀ èkejì, ìyẹn náà á tún dárúkọ ẹlòmíràn, bí ìgbà tí àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó bá ń bi àlejò pé ọmọ ta ni, ta ló bí bàbá rẹ̀, agboolé wo ni ìyá rẹ̀ ti wá, títí àlejò á fi gbàgbé ohun tó bá wá. Ìjọba fúnra rẹ̀ kì í ṣe wàhálà yẹn. Èèyàn á gbé ìwé dé, wọ́n á lu òǹtẹ̀, ó parí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí olówó kan bá fẹ́ gba nǹkan náà mọ́ ẹ lọ́wọ́, yóò gbé lọ́yà tirẹ̀ dìde láti wá ẹyọ ohun kan ṣoṣo tó ṣáájú tìrẹ. Bó bá rí i, òǹtẹ̀ ìjọba ò ju àwòrán lọ.

Lọ́dún kejì tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn ọdún 1973, fáìlì Ṣàíbù Rájí dé orí tábìlì rẹ̀.

Oníṣẹ́ páànù ni Ṣàíbù, ní Ìdúmàgbò. Ó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, iná òjé sì ti jó ìka rẹ̀ méjì di ẹyọ kan. Búta àlùwàlá ló ṣe. Ó fi ahọ́n páànù kékeré kan sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, débi pé bí èèyàn bá tẹ búta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti da omi, omi tó máa fọ ọwọ́ kan nìkan ló máa jáde, yóò sì dákẹ́ fúnra rẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá tún gbé e nàró. Orí kápẹ́ẹ̀tì Lọ́yà Adéyẹmí gan-an ló ti dán an wò. Lọ́yà ká ẹsẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan ò já síbẹ̀.

Ó nídìí tí Ṣàíbù fi ń kánjú. Oníṣòwò kan ní Ọjà Balógun, tó ń kó ọjà rọ́bà wọlé láti òkè òkun, ti gbọ́ fìnrín búta náà. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mẹta pé kí Ṣàíbù ta mẹ́ta fún òun. Ọkùnrin ọ̀hún kì í kírun. Ṣàíbù sì mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe àlùwàlá tó ń wá búta mẹ́ta, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló fẹ́ fọ̀. Ó fi aṣọ bo búta náà ní ṣọ́ọ̀bù, kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi pa iṣẹ́ àtùpà tì nítorí rẹ̀. Bí ìwé yìí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, oúnjẹ ọjọ́ ogbó rẹ̀ bọ́ nìyẹn.

Hàwáwù wádìí. Ó rí ìkòkò tíì kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1931, àmọ́ ìyẹn ò ní ahọ́n. Ó rí agolo epo ẹ̀rọ ti ará Jámánì kan. Ahọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í. Ó tẹ̀lé ará Jámánì yẹn dé ọ̀dọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ṣe agolo ìbomirin òdòdó, àmọ́ omi tirẹ̀ kì í dá dúró, òdòdó ń mu omi tó pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Kò sí ẹni tó ṣáájú Ṣàíbù nínú gbogbo dúróà mọ́kànlélógún náà. Inú Hàwáwù dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣí fọ́ọ̀mù tí akọ̀wé ẹ̀bá ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́ bá Ṣàíbù kọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tó ṣáájú, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: ọ̀gá mi, olóògbé Bashiru Onípáànù, ló kọ́kọ́ ṣe é.

Ó ránṣẹ́ pe Ṣàíbù lọ́jọ́ kejì.

“Bàbá, ẹ kọ ọ́ síbí pé ọ̀gá yín ló kọ́kọ́ ṣe búta yìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé òótọ́ ni, sà?”

“Ṣé màá purọ́ mọ́ òkú ni?”

“Ṣé wọ́n ṣe búta tó ń dá omi dúró fúnra ẹ̀ rí?”

“Rárá o.”

“Àbí ahọ́n inú ẹ̀ ni wọ́n ṣe?”

“Ahọ́n kẹ̀? Ọ̀gá mi ò mọ nǹkan kan nípa ahọ́n.”

“Kí ni wọ́n wá ṣe, Bàbá?”

Ṣàíbù wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó gbọ́n ṣùgbọ́n tí kò gbẹ́kọ̀ọ́ ilé. “Èmi ni wọ́n ṣe.”

Ọ̀rọ̀ náà yé Hàwáwù nígbà tó yá. Láàárín àwọn oníṣẹ́ páànù Ìdúmàgbò, bí wọ́n bá yin iṣẹ́ ọwọ́ ẹ, o ò gbọdọ̀ ní ìwọ lo ṣe é. “Ọ̀gá mi ló ṣe é” ni ìdáhùn, ìbáà jẹ́ pé ọ̀gá ti wà ní sàréè. Ọ̀gá ní tirẹ̀ kì í sọ pé ọmọ iṣẹ́ òun ló ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ ọlá ló ń gòkè lọ, kì í sọ̀ kalẹ̀. Hàwáwù ṣàlàyé fún un pé ọlá tó kọ síbẹ̀ yìí ni lọ́yà oníṣòwò Balógun máa fi gún un lọ́bẹ. Ó ní kí ó jẹ́ kí àwọn pa á rẹ́.

“Ẹ má pa á rẹ́. Ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ṣé kí n wá dá dúró nínú ìwé ìjọba bí ẹni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run?”

Lọ́yà Adéyẹmí ló rí ọgbọ́n dá sí i. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ olóògbé wá, kó búra nínú àfidáfítì pé bàbá òun ò ṣe irú búta bẹ́ẹ̀ rí. Ìbúra á wà nínú fáìlì, orúkọ ọ̀gá á sì wà láyè rẹ̀ láì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣàíbù gbà bẹ́ẹ̀, tìkọ̀tìkọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Mọ̀núrù, ọmọ olóògbé, dé láti Àpápá, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé ní ibùdókọ̀ ojú omi. Ẹ̀yìn Ṣàíbù ló dàgbà sí. Hàwáwù gbé ìwé sẹ́nu tápúrétà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, búta wà lórí tábìlì láàárín wọn.

“Ṣé bàbá yín ṣe irú búta yìí rí?”

“Rárá. Àtùpà ni bàbá mi mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá ṣe búta, ó máa ń jò.”

Ṣàíbù dìde. “Mọ̀núrù! Bàbá tó bí ẹ lọ́mọ!”

“Bọ̀ọ̀dá Ṣàíbù, ṣé kì í jò ni?”

Ṣàíbù tún jókòó. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. “Ó máa ń jò díẹ̀.”

Hàwáwù tẹ̀ ẹ́ pé búta olóògbé máa ń jò. Kò tẹ díẹ̀ mọ́ ọn.

“Bàbá mi ò tiẹ̀ ní fẹ́ẹ́ ṣe é,” ni Mọ̀núrù wí, ó ń yí búta orí tábìlì lọ́wọ́. “Wọ́n ti ní ọ̀kan. Irú èyí gan-an ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá títí wọ́n fi kú.”

Ọwọ́ Hàwáwù dúró lórí tápúrétà. “Irú èyí?”

“Èyí tí Bọ̀ọ̀dá fún wọn, lọ́dún tí ogun bẹ̀rẹ̀.”

“Ìyẹn?” ni Ṣàíbù wí. “Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo gbé e fún wọn, wọ́n wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n gbé e ti ara ògiri. Èrò mi ni pé wọ́n ti jù ú nù. N ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.”

“Jù ú nù bíi báwo? Wákàtí ìrun márààrún ni wọ́n ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Tí omi bá ti dá dúró báyìí, àwọn èèyàn á ṣù bò wọ́n, wọ́n á ní, ‘Bàbá Mọ̀núrù, ẹ mọṣẹ́ o!’ Bàbá á ní, ‘Èmi kọ́. Ṣàíbù ló ṣe é.’”

“Wọ́n ní ta ló ṣe é?”

“Ṣàíbù.”

“Wọ́n dárúkọ mi?”

“Lójú gbogbo jàmáà.”

Ṣàíbù bo ojú rẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi sin ọkùnrin yẹn, kò gbọ́ “o ṣeun” lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó dun Hàwáwù, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti ń ṣe ìṣirò. Láti ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀màrún-ún lójúmọ́, ní gbangba, lójú gbogbo jàmáà. Lójú òfin, búta náà kì í ṣe ohun tuntun mọ́, ìbáà jẹ́ Ṣàíbù fúnra rẹ̀ ló ṣe ti ìṣáájú. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí tápúrétà.

“Mi ò gbọ́ èyí tí wọ́n sọ kẹ́yìn yìí,” ló wí. Ní ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò díbọ́n rí pé òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ó là á yé wọn. Bí òun bá kọ ọ́, oníṣòwò Balógun lè ṣe búta náà bó ṣe wù ú. Bí òun ò bá kọ ọ́, dúróà mọ́kànlélógún ò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó máa bi jàmáà Ìdúmàgbò léèrè. Mọ̀núrù yára ní òun náà ò sọ nǹkan kan.

“Ẹ kọ ọ́,” ni Ṣàíbù wí.

“Bàbá, ẹ̀yin ló máa pa lára o.”

“Mo gbọ́. Ẹ kọ ọ́. Ọ̀gá mi ti sọ ọ́ tán, èmi ni kí n wá ní wọn ò sọ ọ́?”

Hàwáwù dúró títí, bóyá yóò yí ọkàn padà. Kò yí i padà. Ó wá tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ iṣẹ́ tó ṣáájú: búta kan, tí Bashiru Onípáànù ń lò ní gbangba láti ọdún 1967, tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún jàmáà pé Ṣàíbù Rájí ló ṣe é.

Lọ́yà Adéyẹmí wọlé nírọ̀lẹ́, ó gbé fáìlì.

“Ó bọ́? Ta ló ṣáájú ẹ̀?”

“Òun náà ni, sà.”

Lọ́yà kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ó ti rí àwọn oníbàárà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, ó rí àwọn tí Jámánì ṣáájú. Kò tíì rí ẹni tó ṣáájú ara rẹ̀. Ó ti fáìlì náà pa, kò sì gba owó iṣẹ́.

Oníṣòwò yẹn rí búta kan gbà nígbẹ̀yìn; ká tó ṣe Iléyá, búta rọ́bà aláwọ̀ ewé ti kún Ọjà Balógun, ahọ́n wà lọ́fun gbogbo wọn. Ìyá Hàwáwù ra méjì, ó ní òyìnbó gbọ́n. Ṣàíbù ti padà sídìí àtùpà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá. Hàwáwù rò pé nítorí búta rọ́bà ni, ó sì ti ń wá ohun tó máa sọ. Ṣàíbù ò dárúkọ búta. Ó ní ojú-ewé yẹn ni kó bá òun kà, bó ṣe wà ní Gẹ̀ẹ́sì gan-an, òun kàn fẹ́ gbọ́ ọ. Hàwáwù fa fáìlì náà yọ, ó sì ń kà á díẹ̀díẹ̀. Ṣàíbù nàró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì náà ò yé e. Nígbà tí Hàwáwù dé ibi tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀, ó dáhùn bí ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá pè pé, “Sà.”