Ọdán Méjìlá

Olúbọ̀wálé fi ọwọ́ méjèèjì di igi máńgòrò náà mú, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tilẹ̀, ó sì fà á. Igi náà kò bá a jiyàn rárá. Ó yọ wẹ́rẹ́, tewé-tewé, bí ìgbà tí èèyàn yọ ṣíbí nínú ẹ̀kọ, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí àdá ti gé e. Kò ní gbòǹgbò kankan. Ẹ̀ka lásán ni, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lánàá, bóyá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

Agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ilé náà ní Àjàó Estate dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo òkè bí ẹni pé ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lọ ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ bẹ Olúbọ̀wálé pé kó má fa igi òun, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu ilẹ̀ ni. Olúbọ̀wálé kò bá a jà. Ó tẹ́ ẹ̀ka náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fa ìkejì, ó fa ìkẹta, ó kọ “kò sí” sójú fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Ọdún tí owó epo dé ìgboro ni. Ilé ń hù bí olú láti Òṣòdì títí dé Èjìgbò, ẹni tí kò sì ní sìmẹ́ńtì ń sọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì. Àmọ́ ìwé òfin ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ ilé tuntun wò, níbi tí Olúbọ̀wálé ti ń ṣiṣẹ́, kò sáré bá ẹnikẹ́ni. Ilé tí kò bá ní koríko níwájú àti igi tó yè, kò gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ibi ìgbọ́kọ̀sí, igi kan fún ọkọ̀ mẹ́rin. Àwọn ayẹ̀léwò yòókù a máa dúró lójú títì, wọ́n á ka ewé tí wọ́n bá rí, wọ́n á fọwọ́ síwèé. Olúbọ̀wálé, ọmọ Èkìtì tó fi iṣẹ́ tíṣà ìṣirò sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò gba ewé gbọ́. Ó ń fà á ni. “Fà-á-wò” ni àwọn agbaṣẹ́ṣe ń pè é lẹ́yìn. Ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, inú rẹ̀ a sì máa dùn.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó dé ilé-iṣẹ́ aṣọ tuntun kan ní Ìṣọlọ́. Adéyẹyè, máníjà tó ń bójú tó ọgbà ilé-iṣẹ́ náà, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Wọ́n jọ wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n fi ẹfun pín sí àyè ọkọ̀ méjìdínláàádọ́ta. Láàárín àwọn ìlà ẹfun náà, ohun méjìlá dúró. Nígbà tí Olúbọ̀wálé rí wọn, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ọ̀pá ni wọ́n, ó ga tó èèyàn, ó nípọn bí ọrùn ọwọ́, kò sí ewé kan lára wọn, wọ́n sì fi amọ̀ dé gbogbo wọn lórí. Ẹni ti Àjàó tiẹ̀ bọ̀wọ̀ fún òun díẹ̀, ó wá ewé.

“Àwọn igi náà dà?” ló béèrè.

“Àwọn nìyẹn, sà,” ni Adéyẹyè wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró. “Màmá tó gbìn wọ́n nìyí. Ìyá Ọládùnní.”

Obìnrin náà ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ìborùn di ìbàdí, garawa omi kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kí Olúbọ̀wálé kú iṣẹ́. Adéyẹyè ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ló ní àwọn igi inú agolo tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Òṣòdì, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ síbẹ̀: àgbálùmọ̀, ọsàn, ọ̀pẹ òyìnbó, òdòdó oríṣiríṣi, nínú agolo mílíìkì àti garawa ọ̀dà. Ọdún kẹfà tó ti ń fi iṣẹ́ náà jẹun rèé. Ọ̀nà ńlá tí ìjọba ń là sì ti dé ẹnu agolo rẹ̀ báyìí. Katapílà ti wà níbẹ̀ láti àná, àárọ̀ ọ̀la ni yóò gba orí àwọn igi náà kọjá. Adéyẹyè ti ṣèlérí fún un pé bí igi méjìlá yìí bá yege, igun ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ níbi ẹ̀rọ omi yóò di tirẹ̀, yóò máa tọ́jú ọgbà, yóò sì máa tọ́ àwọn ọmọ igi rẹ̀ níbẹ̀. Bí wọn kò bá yege, àwọn ọ̀gá yóò pe agbaṣẹ́ṣe láti erékùṣù Èkó, ọ̀rọ̀ igun ilẹ̀ sì parí.

Àánú ṣe Olúbọ̀wálé. Ṣùgbọ́n kò sí àyè tí wọ́n ń kọ àánú sí nínú fọ́ọ̀mù.

“Màmá, igi wo lèyí?”

“Ọdán ni.”

“Ewé rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún rèé tó ti wọlẹ̀.” Ọwọ́ Olúbọ̀wálé ló ń wò, kò wo ojú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu ilẹ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ ti Àjàó náà kọ́ yìí? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí aláǹgbá, á sá. Olúbọ̀wálé gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ há abíyá, ó di ọ̀pá àkọ́kọ́ mú, ó fà á. Kò wá. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀. Ó tún un dì mú, ó sì fi gbogbo ara fà á. Ohun kan ń já nísàlẹ̀ ilẹ̀, pẹ́, pẹ́, pẹ́, bí ìgbà tí okùn ìránṣọ ń já lára aṣọ. Ọ̀pá náà yọ.

Gbòǹgbò kún ìdí rẹ̀. Funfun ni wọ́n, wọ́n tínrín bí òwú, iyanrìn tútù ṣì rọ̀ mọ́ wọn. Níbi tí wọ́n ti já, oje funfun ń kán sórí bàtà rẹ̀.

Ó retí kí obìnrin náà kígbe, kó ká ọwọ́ lérí, kó bú u. Kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ó tú ìborùn tó wà ní ìbàdí rẹ̀, ó tì í bọ omi, ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọmọ gbé, ó fi ìborùn tútù náà wé gbòǹgbò, ó sì lọ tẹ́ ẹ sí ibòji ògiri. Nígbà tó padà, ó wo ihò tó ṣí sílẹ̀ náà, ó mí kanlẹ̀. Ojú ti Olúbọ̀wálé, ó tì í dé etí.

“Màmá, mo rò pé…”

“Mo mọ ohun tẹ́ ẹ rò. Àwọn tó ń ri ẹ̀ka mọ́lẹ̀ pọ̀ nígboro, mo mọ̀ wọ́n. Ọmọ ibo ni yín?”

“Èkìtì, mà.”

“Kò sí ọdán níwájú ààfin yín ni?”

“Ó wà, mà. Ó tóbi gan-an ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.”

“Kò sẹ́ni tí kì í mọ ọdán nígbà tó bá tóbi,” ni Ìyá Ọládùnní wí.

Kò fi ẹ̀gàn sọ ọ́. Ó mú un lọ sídìí ọ̀pá kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn án, bí ìgbà tí Olúbọ̀wálé alára ń fi ìṣirò han àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbin ọdán. Bàbá obìnrin náà ló kọ́ ọ ní Ṣakí. Tí o bá gé e lára àgbà igi, o ò ní gbìn ín lójú ẹsẹ̀. O máa tẹ́ ẹ sí ibòji fún ọjọ́ márùn-ún kí oje ojú ibi tó o gé lè gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò rà nínú ilẹ̀. O máa fi ọ̀bẹ sàmì sí apá òkè, nítorí ẹni tó bá dorí rẹ̀ kodò ti pa á. Amọ̀ tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn mu omi inú rẹ̀ tán kí gbòǹgbò tó dé. Olúbọ̀wálé ń gbọ́. Ọdán tó wà níwájú ààfin ìlú wọn wá sọ́kàn rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àgbà tó ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó sì wá yé e pé ẹnì kan ló gbé ọ̀pá kan wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí àwọn tó ń kọjá sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

“Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó yè, láìfà á?”

“Ẹ mú èékánná yín wá.”

Ó ní kó họ èèpo ọ̀pá náà díẹ̀, kó má ṣe wọ inú. Lábẹ́ èèpo eérú yẹn, àwọ̀ ewé ló wà, ó tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n lọ sídìí ìkẹta, wọ́n lọ sídìí ìkẹrin. Nígbà tí wọ́n fi dé ìkeje, Olúbọ̀wálé kò dúró de àlàyé mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rí ojú ewé tó ti wú bíi hóró ọkà bàbà nísàlẹ̀ amọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn bíi tọmọdé. Adéyẹyè ń tẹ̀ lé wọn, ìrètí ti ń padà sójú òun náà, àmọ́ kò lè ṣe kó má wá ìyọnu.

“Màmá, ọdán a máa kó ẹyẹ jọ o. Pijó àwọn ọ̀gá wa ńkọ́?”

“Ẹyẹ á wá,” ni obìnrin náà dáhùn. “Omi á sì fọ ọkọ̀. Kí ló máa fọ oòrùn?”

Mọ́kànlá ló yè. Kò sí èyí tó ń ṣiyèméjì nínú wọn. Olúbọ̀wálé yọ kálámù, ó sì dúró. Ọkọ̀ méjìdínláàádọ́ta, igi méjìlá. Ìṣirò tí ọmọ kíláàsì kẹta lè ṣe ni. Igi kan dín, òun ló sì dín in. Òfin kò ní àyè fún “ó kù díẹ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ kúkú kọ méjìlá,” ni Adéyẹyè sọ jẹ́jẹ́. “Ta ló máa wá kà á?”

Ohun tí Olúbọ̀wálé fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, ẹ̀rù sì bà á pé ó wù ú.

“Mọ́kànlá ló wà nílẹ̀,” ni Ìyá Ọládùnní wí. “Ẹ má torí mi kọ ohun tí kò sí.”

Ó sọ ọ́ tán, ó kọ ojú sí apá Òṣòdì, níbi tí ìró katapílà ti ń bọ̀ wá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Olúbọ̀wálé wò ó. Láti ọdún mẹ́ta, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti bú u, wọ́n ti fi orúkọ ọ̀gá ológun dẹ́rù bà á. Kò sí ẹni tó ti bá a ṣọ́ fọ́ọ̀mù rẹ̀ rí, áńbọ̀sì ẹni tí fọ́ọ̀mù náà fẹ́ pa lẹ́kún. Ọ̀wọ̀ obìnrin náà kún ọkàn rẹ̀ débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

“Màmá, tí a bá dá a padà, ṣé á yè?”

“Ó ti yè tẹ́lẹ̀. Bóyá á foríjì yín ni mi ò mọ̀.”

Ó na ọkọ́ sí i. Olúbọ̀wálé rò pé ó fẹ́ kí òun bá a gbé e dání ni.

“Níbi iṣẹ́ tiwa,” ni obìnrin náà wí, “ẹni tó bá fà á tu ló ń dá a padà.”

Olúbọ̀wálé bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ìyá Ọládùnní dúró tì í, ọwọ́ lẹ́yìn. Kí ó mú ihò náà fẹ̀ sí i, kí gbòǹgbò má bàa ká. Kí ó gé èyí tó ti fọ́ kúrò, kí ó dá èyí tó kù sí. Kí ó rọra da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Nígbà tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, obìnrin náà dá a dúró: “Ọwọ́ ni. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Olúbọ̀wálé fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yíká, yíká, títí ọ̀pá náà fi dúró fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kọ fọ́ọ̀mù, iyanrìn sì ń dà sójú ìwé. Ó kọ ọ́ tán, ó kà á sókè nítorí ẹni tó kàn: “Méjìlá. Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo fà á tu, èmi ni mo tún un gbìn. Bí ó bá kú, ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ gbìn ín.” Ó fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀ lódindi.

“Wọ́n á bi yín léèrè ní ọ́fíìsì, sà,” ni Adéyẹyè wí.

“Kí wọ́n bi mí.”

Adéyẹyè gba ìwé àṣẹ tí Olúbọ̀wálé kọ fún un, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yíjú sí obìnrin náà. “Màmá, igun yẹn ti di tiyín. Ẹ máa kó wọn bọ̀.”

Ìyá Ọládùnní kò jó, kò kúnlẹ̀. Ó ní ẹ ṣeun, ó ká ìró rẹ̀ le, ó ti kọjá sí ẹnu géètì. Agolo tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló wà níwájú katapílà, ilẹ̀ kì í sì í pẹ́ ṣú. Adéyẹyè pe àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sinmi lábẹ́ ògiri pé kí wọ́n gbé bárò tẹ̀ lé e. Láti ojú ọ̀nà, ohùn obìnrin náà padà wá: “Ọ̀gá, ẹ má gbàgbé omi rẹ̀ o.”

Ó ku Olúbọ̀wálé nìkan. Ilé méjì ṣì ń dúró dè é ní Èjìgbò. Ó gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ, ó pọn ọ́n kún, ó gbé e padà, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó mọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó yẹ kó wà láàárín igi àti ògiri. Ó mọ fífẹ̀ koríko iwájú ilé, ó mọ iye igi tó kan ọkọ̀ ọgọ́rùn-ún láìmú kálámù. Ó gbé garawa náà sókè lẹ́bàá ọdán rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú òfuurufú, nítorí kò mọ iye omi tó tó igi kan.

Ó da díẹ̀ sí i. Ó lóṣòó, ó ń wò ó bóyá ilẹ̀ á mu ún.