Aago Challenge àti Aago Bódìjà

Fadékẹ́mi ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà méjì tí wọ́n fẹ́ fi ka àkókò níbi ìdíje eré sísá láti àdúgbò Challenge dé àdúgbò Bódìjà. Ọ̀kan wà níbi ìgbéra, èkejì wà níbi ìparí. Ọ̀gá Mánsúrù, olùkọ́ eré ìdárayá, bá wọn sá a láti fi dán an wò. Èsì tó jáde sọ pé ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n fi sá a.

Ọ̀gá Mánsúrù ní, "Fadékẹ́mi, ṣé mo fò ni?"

Aago inú kọ̀ǹpútà Bódìjà ti fi àádọ́ta ìṣẹ́jú sẹ́yìn sí ti Challenge. Fadékẹ́mi kò fẹ́ fọwọ́ yí i, torí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lè sọ ẹni tó máa gbégbá orókè. Ó so ẹ̀rọ tó ń gba àkókò láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mọ́ kọ̀ǹpútà méjèèjì. Ti Bódìjà kò gba nǹkan kan lábẹ́ páànù, ló bá gun àkàbà, ó gbé eriali rẹ̀ sórí òrùlé. Kò pẹ́, aago méjèèjì bára mu.

Ó sọ fún Ọ̀gá Mánsúrù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa sá a lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún sá a, èsì sì jẹ́ ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta. Ọ̀gá Mánsúrù jókòó sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe rí lára ẹsẹ̀ mi gan-an nìyẹn."