Àjẹìyó Gba Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ìyá mi ló máa ń pa òwe yìí, èmi a sì máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà, láìmọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi gan-an yóò jẹ́ obì, tí n óò sì tún jẹ́ kòkòrò rẹ̀.

Josiah Oyèdèjì ni orúkọ mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa lọ́rì láti Ọ̀yọ́ dé Ìlọrin kí n tó ra mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kan lọ́wọ́ òyìnbó oníwàásù ará Amẹ́ríkà tó ń padà sílé. Mọ́tò náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí irú rẹ̀ rí ní Ọ̀yọ́. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Jíà rẹ̀ a máa yí fúnra rẹ̀. Pẹ́dà méjì péré ló wà nílẹ̀: èyí tí a fi ń tẹná, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, àti ti bíréèkì, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á gba iwájú Ọjà Akẹ̀sán, àwọn ènìyàn ní iwin ló ń bá mi yí jíà.

Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ń mu bẹntiróò bí ẹni tí òùngbẹ ọdún méje ń gbẹ. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ju bíi máìlì méjìlélọ́gbọ̀n lọ, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta gbáko ni. Òyìnbó tó tà á fún mi sì ti búra pé méjì kì í tán lọ́wọ́ òun. Mo ní òyìnbó purọ́. Aago epo rẹ̀ ti kú, nítorí náà mo gé igi gígùn kan, mo gé àmì mẹ́ta sí i lára, àmì kan fún gálọ́ọ̀nù kan, òun ni mo ń tì bọ inú táǹkì. Àjẹìyó ni àwọn awakọ̀ gáréèjì sọ mọ́tò mi.

Wọ́n tún ní ẹ̀fẹ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n á yọ orí síta: "Josiah! Iná pupa ìdí mọ́tò rẹ kì í kú! Ṣé Kérésì lò ń ṣe láti oṣù Kẹta?"

Èmi náà á ní kí wọ́n lọ jókòó, pé bí wọ́n ti ń ṣe tiwọn ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Mo rò pé ìlara ni.

Nígbà tí ọdún 1956 ń parí lọ, ogun dí ojú omi tí àwọn ọkọ̀ epo ń gbà, bẹntiróò sì di ohun tí à ń fi ààwẹ̀ wá. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀ kí ọ̀fun Àjẹìyó lè há díẹ̀. Mo yọ pílọ́ọ̀gì, mo fi sáńpépà ha ẹnu wọn. Mo gbọn eruku inú asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Mo fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi le koko. Mo tú irin ìdẹrù orí òrùlé rẹ̀ dànù. Wòlíì ìjọ wa gbàdúrà sí omi, ó wọ́n ọn sí i. Bàbá ìyàwó mi, Ògúndáre ahunṣọ, tó jẹ́ pé Ògún ni tirẹ̀, ní irin tí ebi ń pa ni, kí n fi iṣu sísun bọ ọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ èyí tí mo ń fún un tán," ni mo fi dá a lóhùn.

Gbogbo rẹ̀, gbogbo rẹ̀, ohun tó fi dín kò ju ìka kan lọ lára igi.

Bẹ́ẹ̀ ìyàwó mi, Rúùtù, lóyún. Nígbà oyún àkọ́kọ́, ọdún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ méjì ni Rúùtù fi rọbí, ọmọ náà sì ti kú kí n tó ti Ìlọrin gbé lọ́rì dé. Nítorí náà ni dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi kìlọ̀ fún mi: "Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, gbé e wá kó máa gbé nítòsí wa. Má dúró de ìrọbí. Ìbàdí rẹ̀ há. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ nílé, a lè pàdánù àwọn méjèèjì." Mo ní mo ti gbọ́, sà. Oṣù kẹsàn-án wọlé. Mo ń ní ọ̀la ni, mo ń ní ọ̀túnla ni, mo ń wá gálọ́ọ̀nù mẹ́ta kiri. Olúwa dárí jì mí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, a ń ka Sáàmù lọ́wọ́ ni Rúùtù di etí tábìlì mú.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ẹ dìde. Ẹ óò parí Sáàmù náà nínú mọ́tò."

Mo ti igi bọ táǹkì. Kò tó àmì kan. Mo sáré lọ sí gáréèjì: gbogbo lọ́rì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sùn bí àgbò, kò sí èyí tó ní epo nínú. Mo yà sọ́dọ̀ Mùílì, tó ń ta bẹntiróò nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá Akẹ̀sán.

"Àjẹìyó tún ti jẹ tán?" ni Mùílì wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa? Àbí ó lóyún ni?"

"Mùílì, ìyàwó mi ló ń rọbí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé agolo kan jáde, ó fi ewé dé e lórí. "Ti alùpùpù mi ni. Ó lé ní gálọ́ọ̀nù kan díẹ̀. Máa lọ, máa lọ. Ọlọ́run Ọba á yọ yín."

Mo dà á sí i. Igi fi àmì méjì hàn mí, kò lé, kò dín. Méjì, fún ọ̀nà tó ń jẹ mẹ́ta. Mo ní bóyá Ọlọ́run yóò bá wa bù sí i bí ó ti bù sí òróró opó inú Bíbélì.

Etí ọ̀nà ni òfì Bàbá Ògúndáre wà. Láti ìgbà tí mo ti ra mọ́tò náà, kò gbé ẹsẹ̀ lé e rí. Ó ní ohun tó ń yí jíà láìsí ọwọ́ ènìyàn, òun kò bá a ṣeré. Lọ́jọ́ yẹn, bí ó ti rí ọmọ rẹ̀ tó nà gbalaja sórí ìjókòó ẹ̀yìn, òfì rẹ̀ ló kọjú sí. Ó mú abẹ, ó gé aṣọ tó ń hun lọ́wọ́ kúrò lórí òfì, ó ká a sápò, ó sì wọlé sí ẹ̀gbẹ́ mi níwájú.

A ò tíì kúrò nílùú tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ki Rúùtù ní orúkọ tí òun sọ ọ́:

"Àtinúkẹ́, ọmọ Ògúndáre,
Ọmọ afẹsẹ̀-méjì-bá-òwú-sọ̀rọ̀-kí-aṣọ-ó-dáhùn.
A fa òwú, òwú nà,
A tún un fà, òwú ò já.
Má já lónìí, Àtinúkẹ́.
Aṣọ tí ò tíì dé ìṣẹ́tí, kì í já lórí òfì."

Bí ó ti ń ki í, bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe orúkọ Jésù lábẹ́ ahọ́n. Ọ̀nà méjì là ń gbà bẹ̀bẹ̀, ohun kan náà la ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Kò pẹ́ tí òórùn tí mo mọ̀ dé, bíi rọ́bà tó ń jóná. Láti ọjọ́ tí mo ti ra Àjẹìyó ló ti ń rùn bẹ́ẹ̀. Ní máìlì kẹjọ, ọkàn mi ò gbà á mọ́, mo dúró, mo ti igi bọ táǹkì. Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Àmì kan àti ìdámẹ́rin ló kù, máìlì mẹ́rìnlélógún ṣì ń bẹ níwájú. Mo ṣírò rẹ̀. Mo tún un ṣírò. Ibi yòówù kí n gbé e gbà, inú igbó ló ń kú sí, níbi tó ku máìlì mọ́kànlá ká wọ Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ṣé ó tó?" Rúùtù béèrè láti ẹ̀yìn.

"Ó tó," ni mo wí. Irọ́ ni mo pa.

A tún gbéra. Òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú. Ìgbà náà ni mo kíyè sí i pé Bàbá kò ki oríkì mọ́. Kò sì wo ọ̀nà. Ilẹ̀ mọ́tò ló ń wò.

"Àna mi," ó ní, "ẹsẹ̀ òsì rẹ yẹn, iṣẹ́ kí ló ń ṣe?"

"Òsì kẹ̀? Kò ṣe iṣẹ́ kankan, Bàbá. Mọ́tò yìí ò lò ó."

"Ṣùgbọ́n ó ń tẹ nǹkan."

"Kò tẹ nǹkan, sà."

"Má bá mi jiyàn ẹsẹ̀! Ọdún méjìlélógójì ni mo fi kọ́ ọmọ iṣẹ́. N kì í wo ọwọ́ wọn, ọwọ́ a máa purọ́. Abẹ́ òfì ni mo ń wò. Ẹni tó bá gbàgbé ẹsẹ̀ kan sórí igi ìtẹ̀, òwú rẹ̀ kì í là. Ìwọ wolẹ̀."

Mo wolẹ̀. Yéè, Olúwa mi! Ẹsẹ̀ òsì mi, tòun ti bàtà lọ́rì tó wúwo bí òkúta, ló gúnwà sí etí pẹ́dà bíréèkì bí olóyè lórí àga. Ọdún mẹ́sàn-án lórí lọ́rì, ibẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì máa ń wà, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà sì ti kọ́lé sí. Ọ̀tún ń lé mọ́tò lọ, òsì ń fà á sẹ́yìn, bẹntiróò ń san owó orí fún àwọn méjèèjì. Iná pupa tí kì í kú. Òórùn tó ń jó. Òyìnbó tí mo pè ní òpùrọ́. Gbogbo wọn dìde dúró níwájú mi bí ẹlẹ́rìí.

"Mo ń tẹná, mo sì ń tẹ bíréèkì," ni mo wí. "Láti oṣù Kẹta."

"Kí lẹ wí?" Rúùtù béèrè.

"A ti rí Àjẹìyó," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Ọkọ rẹ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìrora já ẹ̀rín náà sí méjì, ó sì fi igbe parí rẹ̀.

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. A ò tíì kọjá igi mẹ́wàá tí Bàbá fi kígbe: "Ó tún ti padà síbẹ̀!" Mo gbé e kúrò. Ó padà. Ẹsẹ̀ tó ti mọ ọ̀nà ilé kì í bi olówó rẹ̀ kó tó lọ. Nígbà kẹta, Bàbá ní, "Dúró. Bọ́ bàtà yẹn."

Ó fa aṣọ yọ lápò. Fọ́nrán òfì ni, aró àti funfun, etí rẹ̀ kan ṣì ń yọ òwú. Ó so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ òsì mi, ó so orí kejì mọ́ irin abẹ́ ìjókòó. Ìgbà tó ń ta kókó ni mo mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀já ni, ọ̀já ìpọnmọ. A kì í ra ọ̀já de ọmọ tí ò tíì dé, pàápàá nílé tí ọmọ ti kú rí. Ìkọ̀kọ̀ ni àgbàlagbà náà ti ń hun ún. Kò wo ojú mi.

"Kò tíì tán," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó le."

Mo fi ọ̀tún nìkan tẹná. Àjẹìyó sún síwájú bí ẹran tí a tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, n óò gbé ẹsẹ̀ kó máa fúnra rẹ̀ yí. Bí a bá ń gun òkè, n kò bá a jà. A sọdá odò Ọbà. Lẹ́yìn máìlì mẹ́jọ mìíràn, mo dúró. Èmi ò lè sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti so mí mọ́lẹ̀, Bàbá ló lọ ti igi bọ̀ ọ́.

"Ojú àmì àkọ́kọ́ ti gbẹ," ó ké láti ẹ̀yìn. "Abẹ́ rẹ̀ gan-an ló tutù dé."

Ìṣáájú, ìrìn bẹ́ẹ̀ ìbá ti jẹ ìlọ́po méjì epo yẹn. Ṣùgbọ́n máìlì mẹ́rìndínlógún ṣì kù. Ó lè tó. Ó lè má tó. Bẹ́ẹ̀ ni Rúùtù kò ké mọ́.

"Rúùtù!"

"Mo wà níbí." Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. "Ẹ parí Sáàmù."

Mo la ẹnu. Sáàmù tí mo ti mọ̀ láti kékeré, kò sí ẹsẹ kan tó wá sí mi lórí. "Olúwa, gbà wá," ni mo ń wí, "Olúwa, gbà wá," títí ìyẹn náà fi di Sáàmù. Bàbá sì ń dáhùn nídìí rẹ̀: "Òwú ò já."

Nígbà tí a rí òrùlé páànù Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ́ńjìnnì húkọ́. Àwọn obìnrin tó ru iṣu bọ̀ láti Ìrẹ̀sà yà fún wa. Ó tún húkọ́. N kò tẹ̀ ẹ́, n kò dá a lóhùn, mo di sitiárìn mú bí ẹni di ìwo màlúù mú. A yí wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn pẹ̀lú ikọ́ kẹta. Ibẹ̀ ló kú sí.

Àwọn nọ́ọ̀sì gbé ibùsùn onítáyà sáré jáde.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Òwúrọ̀ yìí, mà."

"Ṣé a ò ní kí ẹ tètè gbé e wá?"

Mo fẹ́ fò sílẹ̀ tẹ̀ lé wọn, mo gbàgbé pé wọ́n so mí, mo sì ṣubú dojúbolẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò. Bàbá tú orí kan kúrò lára irin. Mo dìde, ẹsẹ̀ òsì láìsí bàtà, ọ̀já ń wọ́ tẹ̀ lé mi nínú eruku, mo sáré bá wọn ní ẹnu yàrá. Nọ́ọ̀sì kan na ọwọ́ dí mi lọ́nà: ọkùnrin kì í wọbẹ̀.

Rúùtù gbé orí sókè díẹ̀ lórí ibùsùn. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ojú rẹ̀ dúró lára aró àti funfun náà, ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹ tú ọ̀já ọmọ mi kúrò lẹ́sẹ̀ yín, kí ẹ gbé e fún mi."