Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Lè Di Atẹ́gùn Mú

Ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aránṣọ kan tí ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ àádọ́ta ọdún pe gbogbo ará ilé rẹ̀ jọ sí ẹ̀yìnkùlé, níwájú ọkọ̀ rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Àwọn tí ó pésẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe onígbàjámọ̀. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ náà, obìnrin tí òun náà jẹ́ aránṣọ, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Àgbà. Àwọn ayálégbé mẹ́ta tí wọ́n jókòó lórí odi. Àti mẹkáníìkì kan, obìnrin kúkúrú tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àpótí onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀ nínú. Ìdí tí àpótí náà fi dé ẹnu ọ̀nà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ.

Oṣù méje ni aránṣọ fi tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà palẹ̀, tí ó sì tún un tò nínú yàrá àlejò. Kò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Ìwé kan ni ó rà, ó sì gbà pé ẹni tí ó lè rán kóòtù, kò sí ohun tí kò lè tò. Orí tẹlifíṣàn ni ó to àwọn písítìn sí. Ìyàwó rẹ̀ a sì máa nu eruku ara wọn lójoojúmọ́, bí ẹni ń nu fọ́tò ìyá ọkọ. Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí ó sì dá ẹ́ńjìnnì padà sínú ọkọ̀ ní Ọjọ́ Ajé, bóòtù kan ṣoṣo kò ṣẹ́ kù sílẹ̀, aránṣọ sì fi èyí yangàn kárí àdúgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yí kọ́kọ́rọ́ ní Ọjọ́rú, ẹ́ńjìnnì kò sitáàtì. Ó kàn ń yí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, láìlágbára, bí ẹni tí ó ń wá awò ojú tí ó wà lójú ara rẹ̀.

Kò wá sí aránṣọ lọ́kàn pé òun lè ṣìṣe. Onígbàjámọ̀ ni ó yá sípánà rẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti fi tún àga ìsọ̀ rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, onígbàjámọ̀ ni ó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Àǹtí Àgbà, tí ó wá kí wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ọjọ́ mẹ́ta náà sì ti wọ oṣù karùn-ún, ni ó gbé ẹjọ́ náà karí. Ó mú kí àbúrò rẹ̀ búra pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà lẹ́yìn rẹ̀, òun yóò dárúkọ rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn, onítọ̀hún yóò sì kó kúrò nílé kí oòrùn tó wọ̀. Onígbàjámọ̀ ṣàlàyé pé òun dá sípánà padà kí ọ̀sán tó pọ́n, pé òun kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí ẹ́ńjìnnì, àti pé òun kò ní ibòmíràn tí òun lè sùn. Àlàyé kò wọ̀ wọ́n létí. Ó lọ di ẹrù rẹ̀.

Ìyàwó nìkan ni ó dìde. Ó wọ bàtà, ó sì lọ pe mẹkáníìkì.

Mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì kan, ó ní kí onígbàjámọ̀ fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, kí aránṣọ sì yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní bí ara ẹ́ńjìnnì bá dá, atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò ta àtàǹpàkò náà dànù. Wọ́n yí i títí. Àtàǹpàkò jókòó jẹ́ẹ́ bí ọba lórí ìtẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé ní kí ilé wo bí ọ̀daràn ti ń fi ìka ara rẹ̀ jẹ́rìí.

Mẹkáníìkì mú agolo kan. Ó da òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ihò náà, ó sì ṣàlàyé pé bí ó bá jẹ́ pé ara ríǹgì písítìn ni atẹ́gùn ti ń jò, òróró yóò dí ibẹ̀, agbára yóò sì padà fúngbà díẹ̀. Wọ́n tún un yí. Agbára kò padà. Aránṣọ gbé àyà sókè, nítorí òun ni ó to ríǹgì. Mẹkáníìkì gbà á níyànjú pé kí ó rọra gbé àyà náà sọ̀kalẹ̀, nítorí òun náà ni ó to ìyókù.

Lẹ́yìn èyí ni ó yí ẹ́ńjìnnì sí ibi tí ó yẹ kí gbogbo fáàfù ti pa dé, ó ki ẹnu rọ́bà atẹ́gùn tí ó yá lọ́wọ́ ẹni tí ń fẹ́ táyà bọ ihò púlọ́ọ̀gì, ó sì pín àwọn ihò yòókù fún ará ilé. Aránṣọ ni yóò máa wo omi rédíétọ̀ bóyá yóò hó. Àǹtí Àgbà ni yóò dẹtí sí ihò tí a ń gbà da òróró. Ìyàwó wà ní ẹnu kábúrétọ̀. Onígbàjámọ̀, tí kò sí ẹni tí ó bu iyì fún, dojú bolẹ̀ sídìí sáléńsà.

Mẹkáníìkì ní, “Ẹni tí ó bá gbọ́ atẹ́gùn, kí ó sọ. Ẹni tí kò bá gbọ́, kí ó dákẹ́.”

Ó ṣí atẹ́gùn. Àǹtí Àgbà ní òun ń gbọ́ ariwo ńlá kan. Mẹkáníìkì fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ohùn Màmá fúnra wọn ni. Aránṣọ tẹjú mọ́ rédíétọ̀ títí, ojú ara rẹ̀ nìkan ni ó rí. Ìyàwó rọra sọ pé etí gèlè òun ń gbéra. Nígbà náà ni ìdí ọkọ̀ húkọ́.

“Ó ń fẹ́ mi létí o,” ni onígbàjámọ̀ wí. “Ẹ̀gbọ́n, ó ń fẹ́ mi létí.”

Nígbà tí ó rá jáde, etí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àǹtí Àgbà padà sórí àga rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó ní ẹ́ńjìnnì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó tutọ́ sí lára.

Mẹkáníìkì ní, “Fáàfù ni. Wọn kò pa dé.”

Ó ṣí ọmọrí orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí bóòtù méjì péré dì mú. Ó di tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mú, irin tí ń ti fáàfù ṣí, ó mì í. Kò sí ọ̀kan tí ó mì. Ó ní wọ́n ti dè wọ́n pinpin.

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni Àǹtí Àgbà wí láti orí àga. “Iṣẹ́ tí ó bá ń mì jẹgẹjẹgẹ, ìtìjú ni.”

“Aṣọ nìyẹn, Màmá,” ni mẹkáníìkì fèsì. “Ìdérí ìkòkò ni fáàfù. Bí ṣíbí bá há a létí, ṣé ooru kò ní sá? Àlàfo gbọ́dọ̀ wà níbí, bí ìwọ̀n bébà kan, kí ìdérí tó lè jókòó. Ta ni ó dè é?”

Aránṣọ búra pé òun fi àlàfo sílẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, bí ìwé ti là á kalẹ̀, òun sì bo ọmọrí rẹ̀. Ó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì láti fi ibẹ̀ hàn. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sì pa dé, bíi fáàfù náà gan-an. Lórí tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ ojú ọ̀run fa àmì àgbélébùú kékeré.

Nínú ìsọ̀ tí bàbá wọn ti kọ́ wọn níṣẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀ tí ó fi ń sàmì sí iṣẹ́ tí ó bá ti yẹ̀ wò, kí bàbá lè mọ ẹni tí yóò nà bí ojú rírán bá tú. Funfun ni ti aránṣọ. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti máa ń tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀, tí ó máa ń dí ibi tí ó bá ṣí, tí ó sì máa ń sàmì tirẹ̀ sí i.

Aránṣọ wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó sì ń wo èékánná ara rẹ̀ bí ẹni pé lónìí ni wọ́n hù. Ó wo àpótí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí ni ò ń wò?” ni Àǹtí Àgbà bi í láti orí àga. “Ṣebí o búra. Dárúkọ rẹ̀, kí ó máa lọ.”

Aránṣọ ṣí fìlà. Ó tẹrí ba débi pé iwájú orí rẹ̀ kan irin ọkọ̀.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ni.”