Ibi Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Ń Kó Wọn Lọ

Ààrò búrẹ́dì Àlàájà Oyinadé kò jìnnà sí ojú irin ní Agége. Ọkọ rẹ̀ ló fi amọ̀ àti bíríkì mọ ọ́n kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ẹni tó bá jí lọ síbi iṣẹ́ ní àdúgbò náà, òórùn ààrò yẹn ni yóò kọ́kọ́ kí i káàárọ̀. Agége ni wọ́n bí Àlàájà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Bí o bá bi í pé níbo ni ìlú rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, á ní òun ló wà lábẹ́ bàtà òun yìí.

Ó ṣe, ọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní Computer Village wá, ó ní òun fẹ́ ra ilé àti ààrò pọ̀, kí òun fi ibẹ̀ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Àlàájà ní kó máa lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ Gbọ́láhàn, àkọ́bí rẹ̀, lára bí iyọ̀ ṣe ń wọ ọbẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe búrẹ́dì ọ̀hún. Ó ní kí wọ́n gbowó ọkùnrin náà, kí wọ́n lọ ra ilẹ̀ gbàràmù-gbaramu sí Ìbàdàn, kí wọ́n dá ilé búrẹ́dì tuntun sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹjọ́ ìlú méjèèjì wá di ohun tí wọ́n ń rò bí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun. Gbọ́láhàn á ní Èkó ti kún dé ẹnu, igbá tó bá sì ti kún, dídà ló kù fún un. Á ní àwọn iléeṣẹ́ Oregun l'Ékòó níbí pàápàá ń wá ibi tí àyè gbé wà, ìlú tó bá sì láyè ni ọ̀la ń bá gbé. Ìyá rẹ̀ á ní kó yéé fi ilẹ̀ wọn ìlú, àwọn tó ń sáré ni wọ́n ń ra búrẹ́dì. Ará Ìbàdàn á jókòó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán kó tó jáde nílé. Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á ní Ìbàdàn ayé àtijọ́ ni Màámi ń sọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò dé ibẹ̀ rí.

Ọjọ́ kan dé tí iyàn náà sú obìnrin yìí.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ló wí. "Fi ohun tí ojú mi lè rí hàn mí."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé. Gbọ́láhàn mú un lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Èrò Ìbàdàn pọ̀ bí eéṣú: àwọn ọ̀dọ́ tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, àwọn abiyamọ, ọkùnrin kan tó gbá fáànù tuntun mọ́ àyà. Ọkọ̀ tó ti Ìbàdàn bọ̀ dé, ìwọ̀nba èèyàn ló sọ̀ nínú rẹ̀.

"Ẹ wò ó, Màámi, Èkó ń tú," ni Gbọ́láhàn wí. "Ẹ jẹ́ ká tètè lọ kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó tán."

Àlàájà dúró títí ọkọ̀ náà fi lọ. Ó ní òun kò ní bá ojú ara òun jiyàn. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú tó fi fọwọ́ síwèé. Ọkùnrin oní-fóònù mọ̀ pé ọkàn àgbàlagbà lè yí padà. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé máa mọ́, ó ti kó àwọn tó ń wó ilé wá, ó sì ní ààrò ni kí wọ́n kọ́kọ́ wó. Bíríkì ibẹ̀ ṣì gbóná. Omi ni wọ́n ń dà sí i kí wọ́n tó lè fọwọ́ kó o.

Ẹnì kan wà tí ì bá sọ̀rọ̀. Tísà Catherine, ọmọ Èkìtì, ni ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ààrò. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìkẹ́rẹ́, òpin oṣù kì í sì í bá a ní Agége. Jímọ̀ tí wọ́n lọ wo èrò gan-an lòun náà lọ sílé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló tó dé, Ìbàdàn ló sì ti wọ ọkọ̀ ojú irin, aṣọ rẹ̀ rún jégejège. Ó kúnlẹ̀ kí Àlàájà, ó rí òkìtì bíríkì, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlàájà rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ọjọ́ wo lẹ lọ wò wọ́n, Màámi?"

"Ọjọ́ Jímọ̀."

Catherine gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. "Ilé ni wọ́n ń lọ, Màámi. Wọ́n ń lọ kí àwọn òbí wọn ni. Àwa àti wọn la jọ ń bọ̀ yìí, a fún pọ̀ mọ́ra bí ẹja inú agolo."

Gbọ́láhàn ní Jímọ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Àìkú. Ẹ má sì bá ìyá àtọmọ wí jù. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ oko rí, níbo ni yóò ti mọ àbọ̀? Láti kékeré Àlàájà, Jímọ̀ kan kò dé rí tí ẹnikẹ́ni ní kó di ẹrù, wọ́n ń relé.

Ó lọ jókòó lórí òkìtì bíríkì náà. Gbọ́láhàn ń wí pé bó ti wù kó rí, Ìbàdàn ń dàgbà. Tísà fúnra rẹ̀ ní òótọ́ ni, ilé tuntun kún ojú ọ̀nà tóun gbà wá. Àlàájà ní òun kò sọ pé kì í dàgbà.

"Gbọ́láhàn, tá a bá dé Ìbàdàn, tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó máa wù wá ká wálé bíi tiwọn." Ó fọwọ́ pa bíríkì tó jókòó lé. Ó ti tutù. "Ilé ta la ó wá wọ̀?"